Ilé Tí Apá Òṣìṣẹ́ Lè Ká

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Àpéjọpọ̀ Gbogbogbòò ti Ìjọ wa



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni. Kò sí ìjọ kan nínú àwọn ẹkùn wa tí kò ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti rí ẹni tí yóò fẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ń sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú nítorí pé kò rí owó yàrá kan san. Kò sí èyí tí kò ní opó tí a ti kó ẹrù rẹ̀ sí ìta, tàbí olùkọ́ tí ń jí ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀ nítorí pé ibi tí owó oṣù rẹ̀ ká jìnnà réré sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ni. Àdúrà ni a máa ń gbà fún wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gbàdúrà nìkan, tí a kò sì wádìí ohun tí ó sọ ilé di ọ̀wọ́n, a ó dà bí ẹni tí ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tí ó lu, tí kò sì wá ojú ibi tí ó ti lu.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí òkúta ààrò bá jẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì dúró ṣinṣin, ìkòkò yóò jókòó. Bí a bá yọ ọ̀kan, ọbẹ̀ di ti ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilé rí. Òkúta kìn-ín-ní ni ilẹ̀, ọwọ́ ìjọba ni èyí sì wà. Òkúta kejì ni èlò ìkọ́lé àti iṣẹ́ ọwọ́, èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù, àti àwọn tí ń fi wọ́n kọ́lé. Òkúta kẹta ni owó tí a lè yá kí a sì máa san díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn báńkì àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń kó owó jọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn yín ni pé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún wá, òkúta kan tàbí méjì ni a máa ń gbé kalẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, tí a sì máa ń ya ẹnu pé ọbẹ̀ dànù.

Òṣùwọ̀n tí a ó fi wọ̀n ọ́n

Kí a má baà sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n lé e. Àwọn tí ó mọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé a máa wí pé owó ilé kò yẹ kí ó gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ń wọlé fún ìdílé lọ. Ìyókù ni a ó fi jẹun, tí a ó fi wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, tí a ó fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí a ó sì fi tọ́jú aláìsàn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, òfin sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000. Ẹni tí ń gba iye yìí yóò rí ₦840,000 nínú ọdún kan, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ ₦280,000. Ilé tí owó rẹ̀ bá ju èyí lọ ní ọdún kan, apá òṣìṣẹ́ náà kò ká a, àní bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá kún ìgboro.

Ẹ kíyè sí i pé a kò wí pé kò sí ilé. Ẹni tí ó bá gba ìhà Lẹ́kí kọjá ní Èkó, tàbí tí ó rìn yí Àbújá ká, yóò rí ilé ńlá tí ilẹ̀kùn wọn wà ní títì, tí koríko ń hù ní ẹnu ọ̀nà wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ní Àjẹgúnlẹ̀, ní Mushin àti ní Nyanya, ìdílé ènìyàn mẹ́fà ń sùn nínú yàrá kan. Ilé tí ó ṣófo àti ènìyàn tí kò ní ilé wà nínú ìlú kan náà. Iye owó ni ògiri tí ó wà láàrin wọn.

Nígbà tí ìjọba dá a ṣe

A kò lè wí pé ìjọba kò gbìyànjú rárá. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní Èkó ní ọdún 1924, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn fi dá àjọ tí a ń pè ní L.E.D.B. sílẹ̀ ní ọdún 1928, láti tún Èkó ṣe. Àjọ yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín Èkó ní ọdún 1955, tí ó sì kó àwọn ènìyàn lọ sí àwọn ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà dára, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń tajà ní ọjà Ìsàlẹ̀ Èkó rí i pé oníbàárà òun kò tẹ̀lé òun, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè òun, àwọn ẹbí tí ń bá òun tọ́jú ọmọ sì ti jìnnà. Láti inú èyí ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò yẹ kí a gbàgbé: ilé olówó pọ́ọ́kú tí ó jìnnà sí iṣẹ́ kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú mọ́.

Ní ọdún 1958, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ilé kíkọ́ sílẹ̀, ilé ìgbàlódé Bódìjà ní Ìbàdàn sì jẹ́ ọ̀kan nínú èso rẹ̀. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1956, a ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Nigerian Building Society, tí ń yá ènìyàn ní owó ìkọ́lé. Iṣẹ́ rere ni àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tí ipò rẹ̀ ga ni ó jẹ èrè wọn jù lọ. Bíríkìlà tí ó mọ ògiri Bódìjà kò lè gbé inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó epo dé. Nínú ètò ìdàgbàsókè ọdún 1975 sí 1980, ìjọba àpapọ̀ pinnu láti kọ́ ilé 202,000. Èyí tí a rí kọ́ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Kí ni ó fà á? Ọ̀ràn sìmẹ́ǹtì nìkan tó láti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìjọba ológun ìgbà náà bèèrè fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì láti òkè òkun, púpọ̀ nínú rẹ̀ fún kíkọ́ ilé àwọn ọmọ ogun. Díẹ̀ péré nínú èyí ni èbúté Àpápá lè gbà nínú ọdún kan. Nígbà tí ó di ọdún 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sí ẹnu odò Èkó, wọ́n ń dúró, ìjọba sì ń san owó ìdúró wọn lójoojúmọ́, títí sìmẹ́ǹtì fi ń le gbagidi nínú ọkọ̀. Owó wà, ìfẹ́ wà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń bèèrè fún ẹrù kò bá àwọn alábòójútó èbúté jókòó, wọn kò sì bá àwọn tí yóò kọ́lé ṣírò iye tí wọn yóò lò.

Ìlú Fẹ́sítáàkì tí a kọ́ fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1977 di ti ìdílé púpọ̀ lẹ́yìn àjọ̀dún náà, ìbò ni a sì fi pín in. Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti ọdún 1979 sí 1983, kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé kékeré sí ọ̀pọ̀ àdúgbò, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn sì fi ń pe àwọn ilé náà di òní. Ní àkókò kan náà ni ìjọba Alhaji Shehu Shagari ń kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn wà ní ẹ̀yìn odi, níbi tí kò sí omi, tí kò sí iná, tí kò sì sí ọ̀nà. Nígbà tí ológun gba ìjọba ní òpin ọdún 1983, ètò náà dúró. Ìdí nìyí tí a fi wí pé òkúta kan kò lè gbé ìkòkò: ilé tí ìjọba dá kọ́, ìjọba tí ó tẹ̀lé e a máa pa á tì.

Nígbà tí ọjà dá a ṣe

Àwọn kan wá wí pé kí ìjọba yẹra, kí a fi ilé kíkọ́ sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá èyí san. Oníṣòwò tí ó yá owó ní èlé gọbọi, tí ó ra ilẹ̀ ní owó iyebíye, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ọ̀nà, gbẹ́ kànga, ra ẹ̀rọ amúnáwá, kò lè kọ́ ilé fún olùkọ́ kí ó sì rí owó rẹ̀ padà. Ilé olówó ni yóò kọ́. Kì í ṣe ìkà ni ó ń ṣe é, ìṣirò ni.

Ẹ wo ti sìmẹ́ǹtì. Nàìjíríà ti ń ṣe é láti ọdún 1957 ní Nkalagu, àti láti ọdún 1960 ní Ẹwékorò, lónìí a sì ní àwọn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ó tóbi jù lọ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Síbẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024, owó àpò kan ju ₦10,000 lọ ní ibì kan. Ní oṣù náà gan-an, ₦30,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ nínú òfin. Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ oṣù kan, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta! Ìjọba àpapọ̀ pe àwọn onílé-iṣẹ́ wọ̀nyí jọ, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí owó náà wálẹ̀ sí àárín ₦7,000 àti ₦8,000. Àwọn onílé-iṣẹ́ náà sì sọ ẹ̀dùn ọkàn tiwọn: afẹ́fẹ́ gáàsì tí wọ́n ń fi owó dọ́là rà, ọ̀nà tí ó bàjẹ́ tí ń fọ́ ọkọ̀ wọn, àti ohun èlò ẹ̀rọ tí ń ti òkè òkun wá. Ìpàdé ọjọ́ kan lè mú owó wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohun tí ó gbé e gòkè kò bá yí padà, yóò tún gòkè.

Ẹ sì wo ti owó ilé àsansílẹ̀. Ní Gánà, òfin ọdún 1963 ti sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú. Ẹ̀yin ará wa láti Àkrá sì lè jẹ́rìí pé ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ onílé ń bèèrè. Ní Èkó, òfin ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti G.R.A. Ìkẹjà sílẹ̀. Ẹni mélòó nínú wa ni ó tí ì rí ibi tí a ti pe òfin yìí jáde ní ilé ẹjọ́ nítorí tálákà? Òfin tí kò bá gbé ìdí ọ̀ràn yẹ̀ wò, ìwé lásán ni. Onílé ń bèèrè ọdún méjì nítorí pé owó àpò ara rẹ̀ ni ó fi kọ́lé fún ọdún mẹ́wàá, láìsí báńkì tí ó yá a, àti nítorí pé bí ayálégbé bá kọ̀ láti san, ẹjọ́ rẹ̀ lè gba ọdún kí ó tó parí. Gánà ti bẹ̀rẹ̀ ohun mìíràn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023: ètò kan tí ó ń bá òṣìṣẹ́ san owó àsansílẹ̀ náà fún onílé, tí òṣìṣẹ́ sì ń dá a padà lóṣooṣù. Irú ètò báyìí kò bá onílé jà, kò sì fi ayálégbé sílẹ̀.

Ibi tí ààrò ti pé mẹ́ta

Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè bóyá ibì kan wà tí èyí ti ṣeé ṣe, a ó tọ́ka sí Singapore, erékùṣù kékeré kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Ní oṣù Kejì ọdún 1960, ọdún kan náà tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni ìjọba ibẹ̀ dá àjọ ilé kíkọ́ sílẹ̀. Nínú ọdún márùn-ún, ilé tí ó kọ́ lé ní 50,000. Kì í ṣe ilé aláràbarà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ yàrá kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n omi wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀. Òfin ọdún 1966 mú kí ìjọba lè gba ilẹ̀ ní owó tí kò wọ́n. Ní ọdún 1968, a gbà kí òṣìṣẹ́ lo owó ìfẹ̀yìntì tí a ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ láti fi san owó ilé. Àwọn agbaṣẹ́ṣe aládàáni ni wọ́n sì ń kọ́ ilé náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ yóò máa wá lọ́dọọdún. Lónìí, nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí ń gbé ibẹ̀ ni ó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

A kò wí pé kí a ṣe àdàkọ wọn. Ìlú kan ṣoṣo ni tiwọn, orílẹ̀-èdè gbòòrò ni tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ náà jìyà, nítorí owó tí a san fún wọn kéré. Ohun tí a ń wí ni pé ilẹ̀, iṣẹ́ àti owó pàdé ní ojú kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìjáwọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè fún

Èkíní ni ti ilẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti oṣù Kẹta ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà, kí ó lè dì í mú fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Nítorí òfin yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ta ilẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ fi í dógò ní báńkì, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Bí àṣẹ náà bá pẹ́, tí owó rẹ̀ sì pọ̀, báńkì kò ní yá a lówó, ilé kò sì ní dìde. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn gómìnà kò ṣòro: kí a fi ọjọ́ sí ìdáhùn àṣẹ, kí ìjọba la ọ̀nà, kí ó gbẹ́ kòtò àgbàrá, kí ó fa omi dé orí ilẹ̀ tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́, kí ó sì fi ilẹ̀ náà fún agbaṣẹ́ṣe ní owó kékeré, pẹ̀lú májẹ̀mú pé iye kan pàtó nínú ilé náà ni yóò tà fún òṣìṣẹ́ ní owó tí a ti fẹnu kò sí. Kí ó sì wà nínú májẹ̀mú náà pé ẹni tí ó rà á kò gbọdọ̀ tà á fún olówó ní ọ̀la.

Èkejì ni ti èlò. Láti ọdún 1978 ni Nàìjíríà ti ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, èyí tí a ń pè ní NBRRI. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti fi hàn pé a lè po ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, kí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di bíríkì, láìfi iná sun ún. Bíríkì náà a máa wọ inú ara wọn, nítorí náà kò gba àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì púpọ̀ láti tò ó, ògiri rẹ̀ sì lè wà láìrẹ́. Ará wa láti Kánò àti Zaria kò ní ṣe àìmọ̀ pé ilé amọ̀ lè dúró fún ọ̀pọ̀ ìran. Àwọn baba wọn fi tubali kọ́ ààfin. Kí ló dé tí bíríkì yìí kò fi kún ọjà? Ilé-iṣẹ́ kò ṣe é ní púpọ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó bèèrè fún púpọ̀. Ìjọba kò bèèrè fún púpọ̀ nítorí pé kò sí nílẹ̀. Olúkúlùkù ń dúró de ẹnìkejì rẹ̀. Bí ìjọba bá fi ọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa rà á fún ọdún mẹ́wàá, ilé-iṣẹ́ yóò ra ẹ̀rọ, yóò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a bá àwọn onísìmẹ́ǹtì náà dá: ìjọba yóò tún ọ̀nà ṣe, yóò sì ṣètò gáàsì; àwọn náà yóò ní owó pàtàkì fún ilé òṣìṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti owó. Òfin ọdún 1992 dá owó-àkójọ ilé ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní National Housing Fund. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ ni a ń yọ sínú rẹ̀, ẹni tí ó bá san án sì lè yá owó ilé ní èlé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn báńkì yòókù dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Òṣìṣẹ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ó lè san ₦280,000 ní ọdún kan, bí èlé bá jẹ́ 27.5, owó díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan náírà ni èlé rẹ̀ nìkan yóò ti gba gbogbo ohun tí ó ní. Bí èlé bá jẹ́ 6, ó lè ru ẹrù tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ lọ kí agbára rẹ̀ tó tán. Òṣìṣẹ́ kan náà ni, owó oṣù kan náà ni. Èlé nìkan ni ó yí padà. Nítorí náà, owó-àkójọ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú kékeré wò. Ṣùgbọ́n owó kékeré kò lè kọ́ ilé ńlá. Bí ilẹ̀ bá wọ́n tí èlò sì wọ́n, mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ kò lè kan òrùlé. Ẹ rí i bí òkúta mẹ́ta náà ti ń wo ojú ara wọn.

Èyí tí ó kàn wá

Ó rọrùn láti na ìka sí ìjọba àti sí àwọn onílé-iṣẹ́ ńlá kí a sì padà sí ilé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n nínú àpéjọ yìí, onílé wà, ọ̀gá iṣẹ́ wà, agbaṣẹ́ṣe wà, ẹni tí ń jókòó nínú ọ́fíìsì ìjọba sì wà.

Ẹ̀yin onílé inú wa, a mọ̀ pé owó ilé ni owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ yín. A kò ní kí ẹ fi ilé tọrẹ. A ní kí ẹ gba owó ọdún kan dípò méjì, àti pé bí ayálégbé bá jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀ tí ó sì ní onígbọ̀wọ́, kí ẹ gbà á lóṣooṣù, nítorí oṣooṣù ni a ń san owó iṣẹ́ fún òun náà. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, bí ẹ bá yọ ìdá 2.5 nínú owó òṣìṣẹ́, ẹ san án sí ibi tí òfin wí. Owó tí a yọ tí a kò san, òrùlé ẹlòmíràn ni a ká. Ẹ̀yin tí ìwé ilẹ̀ ń gba ọwọ́ yín kọjá, ìwé tí ẹ fi sí abẹ́ tábìlì ń dúró de ẹ̀bùn, ìdílé kan ń sùn sí ìta nítorí rẹ̀.

Àwọn ìjọ wa pẹ̀lú ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa. Àwọn baba wa ni ó fi ọ̀wẹ̀ kọ́lé kí báńkì tó dé. Ẹgbẹ́ ogójì ènìyàn tí ó ra sìmẹ́ǹtì tirela kan láti ilé-iṣẹ́ kò ní rà á ní iye tí ẹnì kan yóò ra àpò kan lọ́jà. Ẹgbẹ́ tí ó ra ilẹ̀ pọ̀ lè san owó agbẹjọ́rò kan, owó awọnlẹ̀ kan, kí ó sì bá gómìnà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan. Ìjọ tí ó ní ilẹ̀ tí kò lò lè fi í yá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kí ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọ síbẹ̀, kí ìdílé sì rí ibi gbé. Kí a sì kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti iṣẹ́ ẹ̀rọ omi láìtijú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tẹ́ táìsì dáradára ní Èkó lónìí ni ó ti Tógò àti Kútọnu wá. A yìn wọ́n, kí àwọn ọ̀dọ́ tiwa sì jókòó lẹ́sẹ̀ wọn láti kọ́ ọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ ìjọba kò wọ ibi tí sìmẹ́ǹtì ti ń di àpò. Ọwọ́ oníṣòwò kò tó ìwé ilẹ̀. Ọwọ́ báńkì kò tó owó oṣù òṣìṣẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá yọ ọ́. Ẹni tí kò bá ran ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ nínú àwọn wọ̀nyí, òun pẹ̀lú kò ní rí ohun tí ó ń wá.

Nígbà tí ẹ bá padà sí àwọn ẹkùn yín, a bẹ̀ yín, kí ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan jókòó kí oṣù yìí tó pé. Kí ẹ ka iye ìdílé tí kò ní ibi gbé láàrin yín, kí ẹ ka ilẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì kọ ìwé kan ṣoṣo sí aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, nípa ọjọ́ tí ó yẹ kí a máa fi dáhùn àṣẹ ilẹ̀. Kí ẹ mú ìṣirò náà wá sí àpéjọ tí ń bọ̀. Bí ẹkùn kọ̀ọ̀kan bá ti rí ilé márùn-ún péré gbé dìde nígbà náà, ìdílé márùn-ún ni yóò ti sùn lábẹ́ òrùlé tí apá wọn ká.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ń rí ẹlòmíràn, àti ọwọ́ tí kì í sú láti ṣe rere. Àmín.